Ọgbà Ilé Bàbá Ìyá Mi: Ẹ̀kọ́ Láti Pópó Àgùdà

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìtàn sínú ìwé yìí, ọba àti ogun ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ bá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún 1998. Ọ̀rọ̀ ọgbà ilé ni.

ÀWỌN TÓ KỌ́ ÀDÚGBÒ NÁÀ

Ilé bàbá ìyá mi wà ní Pópó Àgùdà, ní Erékùṣù Èkó, kò jìnnà sí Campos. Àwọn tí a ń pè ní Àgùdà tàbí Àmárò ni àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn àti ọmọ wọn sì padà wálé. Ìpadàbọ̀ wọn pọ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní oṣù kìíní ọdún 1835, nítorí pé ìjọba ibẹ̀ ń fòòró àwọn adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira.

Wọn kò padà lọ́wọ́ òfo. Iṣẹ́ bíríkìlà, káfíńtà àti aránṣọ wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, tí iṣẹ́ ọnà yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ká. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, òun àti Sanusi Aka. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

ÌWÉ TÍ MO FỌWỌ́ SÍ

Ọgbà ilé tiwa kò ga ju àyà àgbàlagbà lọ. Bíríkì ni, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n sì dá ihò olórí róbótó sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láti ojú ihò wọ̀nyí ni àwa ọmọdé ti ń wo eré Karẹ́tà nígbà ọdún. Ibẹ̀ ni ìyá ìyá mi ti ń na àwo frejon sí aládùúgbò ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ Olóyin, láì ṣí géètì.

Ní ọdún 1998, olè wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi tó ń gbé ilé náà kọ̀wé sí mi ní Jos. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ bá wa fọwọ́ sí i kí a wó ọgbà yìí, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé, bí ẹ bá ti gbà, ẹbí á gbà." Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka ilẹ̀ ni mo ń ṣe nígbà náà. Mo kọ ìwé ojú kan ṣoṣo pé n kò rí ohun tó burú níbẹ̀. N kò lọ wo ọgbà náà. N kò bi ìyá mi.

Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi wó o. Wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án dìde, wọ́n fi àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀. Olè kò wọlé mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé, omi kò rí ọ̀nà jáde. Àwọn ihò ìsàlẹ̀ tí a rò pé ẹwà lásán ni, àṣé àwọn ló ń fa omi àgbàlá jáde sí ìta. Omi dúró sí ìdí ilé lọ́dọọdún, ògiri mu ún, ó sì lanu. Ní 2009, ẹbí ta ilé náà fún ẹni tó wó o pátápátá. Ìyá mi kò bá mi jà. Ohun tó sọ kò ju pé, "O ò tilẹ̀ bi mí."

KÍ NI ÒFIN SỌ?

Orílẹ̀-èdè wa ní òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1953, a sì tún un ṣe ní 1979, nígbà tí a dá àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Ilé tí ìjọba bá ti kéde, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí i padà láì gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n ilé tí wọn kò kéde, bíi tiwa, ọwọ́ onílé ló wà.

Ẹ wo Brazil, níbi tí àwọn bíríkìlà wa ti wá. Òfin wọn ti ọdún 1937 sọ pé a kò gbọdọ̀ tún ilé tí wọ́n ti kọ sínú ìwé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe, kódà a kò gbọdọ̀ kùn ún, láì gba àṣẹ. Ó fi kún un pé a kò gbọdọ̀ mọ ohun tó máa dí ojú rẹ̀ sí àyíká rẹ̀. Àárín ìlú àtijọ́ ní Salvador, ní Bahia, sì ti wà lára ogún àgbáyé UNESCO láti 1985.

Síbẹ̀, òfin nìkan kò tó. Ilé àwọn Fernandez ní Ìta Tinúbú, tí a mọ̀ sí Ilọ́jọ̀ Bar, ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìjọba kéde rẹ̀ ní 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀.

ÀWA TÍ A WÀ NÍ ÒKÈ ỌYA

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos níbí, wọ́n kọ́ àwòṣe odi Kano àti mọ́ṣáláṣí Zaria. Mo mú àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ wò ó. Ọ̀kan bi mí pé, "Bàbá àgbà, ti ilé yín dà?" Èsì kò sí lẹ́nu mi, nítorí a kò ya fọ́tò ọgbà yẹn rí, a kò wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà mo bẹ yín. Púpọ̀ nínú wa ló ní ilé ẹbí ní ìlú wa tí wọ́n ń fi fóònù bi wá ìmọ̀ràn lé lórí. Kí ẹ tó sọ pé kí wọ́n wó o, ẹ lọ fojú rí i. Ẹ bi àgbà tó gbé ibẹ̀ rí ní ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀rù olè bá ń bà yín, irin ṣeé fi kún ọgbà láì wó o.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ba ti ilé jẹ́. Àmín.