Ohun Tó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ àti Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ

Tí Yorùbá bá ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan, ìdílé ló ń bá wí. Ìwà ni o, iṣẹ́ ọwọ́ ni o, wèrè ni o, ó jogún rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà mí nípa bí a ó ṣe ròyìn, ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí Eva Redei àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Northwestern, ní Chicago, tẹ̀ jáde ní 2014. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àgbàlagbà 32 tó ní àrùn ìrẹ̀wẹ̀sì àti 32 mìíràn tí kò ní in, wọ́n sì rí ohun mẹ́sàn-án tó ya ìhà méjèèjì sọ́tọ̀. Bí akọ̀ròyìn bá kọ ọ́ pé "ìrẹ̀wẹ̀sì wà nínú ẹ̀jẹ̀", òbí tó ń ṣèwádìí ìdílé àna yóò fi ìrẹ̀wẹ̀sì kún wèrè, wárápá àti ẹ̀tẹ̀ tó ń béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò.

Jẹ́nótáìpù AS tí wọ́n kọ fún ọ lónìí, AS náà ni títí ayé, nítorí o jogún rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wọ̀n ní Chicago lè lọ sókè, ó sì lè wálẹ̀: iye ońṣẹ́ tí jíìnì kọ̀ọ̀kan ń rán jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní RNA. "Ìfọhùn jíìnì" ni mo yàn fún un. Jíìnì kan náà tó wà lára gbogbo wa lè máa fọhùn kíkankíkan lára ẹnìkan, kó rọra máa sọ̀rọ̀ lára ẹlòmíràn, kó sì dákẹ́ lọ́la. Ẹni tí kò kàwé yóò lóye rẹ̀, kò sì sí ìdílé tí a lè fi í bú.

"Àmì" ló kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu fún ohun mẹ́sàn-án yẹn. Ṣùgbọ́n àmì àìsàn ni ohun tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ: oorun kò wá, oúnjẹ kò wọ ọ̀fun, ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́. Ti inú ẹ̀jẹ̀, "atọ́ka" ni mo pè é. Ṣé a lè pe àrùn ìrẹ̀wẹ̀sì fúnra rẹ̀ ní ọdẹ orí? Rárá. Ẹni tí ọdẹ orí ń yọ lẹ́nu máa ń ní nǹkan ń rìn kiri nínú orí òun, ariwo sì ń dún létí òun. Orúkọ náà kò bá ìrẹ̀wẹ̀sì mu rẹ́gí.

Ọ̀sẹ̀ 18 ni àwọn aláìsàn náà fi gba ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀, níbi tí olùtọ́jú ti ń bá èèyàn tú èrò rẹ̀ wò. Kódà lára àwọn tí ara wọn yá, atọ́ka mẹ́ta ṣì yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò ní àrùn náà. Nítorí náà n kò kọ "ìwòsàn"; mo kọ pé àìsàn náà rọlẹ̀. Àwọn olùwádìí rò pé mẹ́ta yẹn lè fi ẹni tí àrùn náà máa ń tètè mú hàn. Ibẹ̀ ni "àyànmọ́" ti máa ń sáré wọlé, n kò sì ní gbà á láyè. Odidi gbólóhùn ni mo fi síbẹ̀: ẹni tí àrùn ìrẹ̀wẹ̀sì lè tètè mú. Ó gùn, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá kà á fún yóò mọ̀ pé òun ṣì lè tètè lọ rí dókítà.