Ẹ̀ṣà Ni Iṣẹ́ Náà: Ìtàn Sẹ́ẹ̀lì Ẹ̀dọ̀

Ẹni tó bá tètè dé ọjà Mile 12, ní Kosofe, yóò rí àwọn tó tú apẹ̀rẹ̀ tòmátì sílẹ̀ tí wọ́n ń ṣà á. Wọ́n mọ̀ pé ẹyọ kan tó rà lè ba ìyókù jẹ́. Irú ẹ̀ṣà bẹ́ẹ̀ ló gba àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lákòókò lórí ẹ̀dọ̀ ènìyàn.

Ìtàn náà kò jìnnà sí wa. Ní 1957, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Baruch Blumberg, wá gba ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí ní Nàìjíríà. Irú ìwádìí yìí ló gbé e dé ìdí kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú B, tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ní 2004, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ ètò àwọn ọmọdé wa. Ṣùgbọ́n àjẹsára kì í wo ẹni tí àrùn ti wọ̀ lára sàn. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀, títí ẹ̀dọ̀ yóò fi le gbagidi tàbí tí jẹjẹrẹ yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ tí a lè fi ṣe ìwádìí ṣọ̀wọ́n, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í sì í pẹ́ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ tó bá kúrò lára. Ìdí nìyí tí ayé fi yọ̀ nígbà tí Shinya Yamanaka, ní Japan, sọ sẹ́ẹ̀lì awọ eku di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ní 2006, tó sì ṣe ti ènìyàn ní 2007. A lè tọ́ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ di ti ẹ̀dọ̀.

Ìṣòro ni pé àdàlù ló máa ń jáde. Ọ̀nà ọgbọ́n kan ni kí a fi ebi ṣà á: a ó yọ ṣúgà glucose àti èròjà arginine kúrò nínú oúnjẹ wọn, a ó fi galactose àti ornithine rọ́pò. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lè fúnra rẹ̀ sọ èkejì di èkíní. Èyí tí kò mọ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ yóò kú. Bí a kò bá ṣà á, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó ṣẹ́kù lè di kókó lára aláìsàn, ìwádìí oògùn náà yóò sì ṣini lọ́nà.

Ní 2011, ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin gbin sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú mùdùnmúdùn eegun fún ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ti ẹ̀dọ̀ ṣì wà nínú ìwádìí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta ohun inú ìgò fún yín pé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ló fi ń tún ẹ̀dọ̀ ṣe, tòmátì rírà ló ń tà. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹ sì rí i pé ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí a bí i.