Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ìtàn Ilé-Iṣẹ́ Alstom

Àwọn àgbà ló ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa Yorùbá tí a wà ní Òkè Ọya kì í ṣe àjèjì sí rélùwéè. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Kánò ní ọdún 1912 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ti ń bá a wá, àwọn kan ṣe akọ̀wé, àwọn mìíràn ṣe fítà, awakọ̀ àti gáàdì. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí ìwé ìrántí yìí sọ ìtàn Alstom, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ọkọ̀ ojú irin ní Yúróòpù, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá kúrò nílé baba rẹ̀ lọ tẹ̀dó sí ibòmíràn.

Ní ìlú Mulhouse ní ilẹ̀ Alsace, lápá ìlà-oòrùn Faransé, ni Ọ̀gbẹ́ni André Koechlin ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1826. Nígbà tó di 1839, wọ́n ti ń rọ ẹ́ńjìnnì rélùwéè níbẹ̀. Ní 1870, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Faransé àti Jámánì. Jámánì ṣẹ́gun, ó sì gba Alsace ní 1871. Ṣùgbọ́n Belfort tó wà létí ibẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ Faransé, nítorí pé àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ fara da ìdótì fún ohun tó ju 100 ọjọ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ ará Alsace ni kò fẹ́ di ọmọ Jámánì. Wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n sì ré ààlà kọjá sí Belfort. Ní 1872, ilé-iṣẹ́ Koechlin dara pọ̀ mọ́ ti Graffenstaden, wọ́n sì fi orúkọ Alsace pe ẹgbẹ́ tuntun náà. Ní 1879, ẹgbẹ́ yìí kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Belfort, kí ọjà Faransé má baà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó di 1928, ẹ̀ka Belfort yìí bá ilé-iṣẹ́ Thomson-Houston ti Faransé da iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n mú “Als” lára Alsace, wọ́n mú “Thom” lára Thomson, ó di Alsthom. Báyìí ni orúkọ ilé ṣe bá wọn dé àjò.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò kéré. Ní oṣù kẹta ọdún 1955, ẹ́ńjìnnì CC 7107 tí wọ́n ṣe sáré ju kìlómítà 320 lọ ní wákàtí kan. Ní 1981, ọkọ̀ TGV wọn bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láàrin Paris àti Lyon. Ní 2007, òmíràn sáré kìlómítà 574.8 ní wákàtí kan.

Okùn kan so ìtàn yìí mọ́ tiwa. Vulcan Foundry ti Ìlú Ọba wà lára àwọn tó rọ àwọn ẹ́ńjìnnì River tí ń fi èédú àti omi ṣiṣẹ́ lórí rélùwéè Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sábẹ́ English Electric ní 1955. English Electric bọ́ sábẹ́ GEC ní 1968. Ní 1989, GEC àti Alsthom da iṣẹ́ wọn pọ̀. Ní 1998 ni wọ́n yọ “h” kúrò, tó di Alstom.

Ìdàgbàsókè mú wàhálà wá. Ní 2000, wọ́n ra iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ABB. Àbùkù wà lára àwọn ẹ̀rọ kan, gbèsè sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn títí ìjọba Faransé fi wá gbà wọ́n là ní 2004. Ní 2015, wọ́n ta iṣẹ́ iná mànàmáná fún General Electric, ọkọ̀ ojú irin sì wá di iṣẹ́ wọn gan-an. Ní 2021 ni wọ́n ra ẹ̀ka ọkọ̀ ojú irin ti Bombardier.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2016 ló wọ̀ wá lọ́kàn jù lọ. Alstom kéde pé òun kò ní ṣe ọkọ̀ ní Belfort mọ́, pé kí àwọn òṣìṣẹ́ tó tó 400 kó lọ sí Reichshoffen. Ẹ sì wò ó o, ilẹ̀ Alsace ni Reichshoffen wà! Ilẹ̀ tí àwọn ará ìjelòó sunkún kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n padà sí. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀, ará ìlú sì jáde tì wọ́n lẹ́yìn. Kò pé oṣù kan tí ìjọba fi ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ TGV 15, ilé-iṣẹ́ Belfort kò sì kógbá sílé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀kọ́ náà hàn. Ènìyàn lè máa jẹ́ orúkọ ilé baba rẹ̀, kí ó sì dúró gbọn-in lórí ilẹ̀ tí ó ti fi òógùn sọ di tirẹ̀. Nítorí náà la ṣe ń dáwó lónìí. Nígbà tí ọmọ tí a bí síhìn-ín bá gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ wa, kí ó mọ ibi tí a ti wá. Nígbà tó bá sì rí gbọ̀ngàn tí a fẹ́ kọ́, kí ó mọ̀ pé ilé ni ibí náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.