Ajá Ilé Ò Mọdẹẹ́ Ṣe: Ìtàn Iṣẹ́ àti Yíyan Ajá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá ilé ò mọdẹẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gba òwe yìí gẹ́gẹ́ bí ìbáwí fún ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ìtàn ajá fi hàn pé ọgbọ́n mìíràn wà nínú rẹ̀. Òwe náà kò bú ajá. Ìyàtọ̀ iṣẹ́ ni ó ń tọ́ka sí. Iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ àwọn baba ńlá ajá ni ó ń sọ irú ilé tí ajá náà yóò bá mu.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdẹ ni ó mọ èyí jù. Ajá tí ó ń bá a wọ igbó gbọ́dọ̀ lè fi imú tọpa ẹran, kí ó gbọ́ fèrè, kí ó sì láyà. Ṣaworo tí ọdẹ so mọ́ ọn lọ́rùn ni ó fi ń mọ ibi tí ó wà nínú igbó kìjikìji. Nínú àlọ́ ọdẹ tí ó ní ajá mẹ́ta, iṣẹ́ ajá kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ògbálẹ̀gbáràwé ní tirẹ̀ ni ó ń gbá ilẹ̀ mọ́ nígbà tí ìjà bá parí, orúkọ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Ajá ilé ẹ̀wẹ̀ a máa jẹ àjẹkù, a máa gbó àlejò, a sì máa bá abiyamọ palẹ̀ ìdọ̀tí ọmọ mọ́. Orúkọ bíi Tanímọ̀la tí wọ́n bá sọ ọ́ lè jẹ́ èsì ọ̀rọ̀ tí onílé fi ń ránṣẹ́ sí aládùúgbò.

Ní ilẹ̀ Òyìnbó pẹ̀lú, iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ ya ìran ajá kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Láti ìlú Rottweil ní Jámánì ni Rottweiler ti gba orúkọ; ó ń da màlúù fún àwọn alápatà, ó sì ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn. Ní 1873 ni wọ́n dá Kennel Club sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí àkọsílẹ̀ ìran àti ìdíje ẹwà ti ń gbilẹ̀ ni ìrísí ń gba ipò iṣẹ́. Max von Stephanitz, ọ̀gá ológun ẹlẹ́ṣin kan ní Jámánì, kò fara mọ́ èyí. Ní 1899 ó ra ajá kan tí ó sọ ní Horand von Grafrath, ó sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ajá darandaran. Lójú tirẹ̀, ìwúlò àti làákàyè ni ẹwà ajá. Nígbà tí iṣẹ́ dída àgùntàn ń dín kù, ó wá iṣẹ́ fún wọn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti ọmọ ogun. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Jámánì sétí, wọ́n sì ń pe ajá náà ní Alsatian. Ní 1977 ni Kennel Club dá orúkọ ti àkọ́kọ́ padà fún un, ṣùgbọ́n Alsatian kò kúrò lẹ́nu àwọn ará Nàìjíríà.

Basenji náà rin ìrìn àjò, ṣùgbọ́n Áfíríkà ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ajá ọdẹ ilẹ̀ Kóńgò ni, kì í sì í gbó bí ajá yòókù. Nítorí náà ni ọdẹ ṣe ń so agogo igi mọ́ ọn lọ́rùn. Ní 1937 Olivia Burn kó wọn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ní 1943 wọ́n fi orúkọ wọn sínú ìwé ìran ajá ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá rà á nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ a máa gbàgbé pé ọdẹ ni. Bí wọ́n bá sé e mọ́ yàrá lóun nìkan, yóò fa tìmùtìmù ya.

Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí ìdílé òde òní. Ní Èkó àti Ìbàdàn, ìrísí ni ọ̀pọ̀ ń wò kí wọ́n tó ra ajá ìṣọ́lé. Wọ́n á so ajá tí ìran rẹ̀ ń da àgùntàn láti òwúrọ̀ di alẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Irun rẹ̀ tí ó ki nítorí òtútù á wá di ìyà fún un lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Agbára tí kò rí iṣẹ́ ṣe á di ìbínú, ọmọ ilé tàbí àlejò ni yóò sì fara gbá a. Bẹ́ẹ̀ ni ajá ìbílẹ̀ tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín wà nítòsí. Ìwádìí àbùdá ajá Áfíríkà tí ó jáde ní 2018, tí ajá Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, rí àmì pé ara wọn ti kọ́ bí a ti ń bá kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru jà. Síbẹ̀, kò sí ìran ajá tí dígbòlugi kò lè mú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Nítorí náà, kí onílé tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta ajá, ó yẹ kí ó wádìí iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀, kí ó wo àyè ilé, àwọn ọmọdé tí ó wà níbẹ̀, àti ẹni tí yóò máa mú un rìn jáde. Ọdẹ Yorùbá àti von Stephanitz kò pàdé rí, ṣùgbọ́n ohùn wọn ṣọ̀kan lórí èyí. Ajá tí kò bá ilé mu kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó yàn án ni ó ṣì í yàn.