"Kò Sẹ́ni Tó Kọ́ Mi": Wéré, Fújì, Ráàpù àti Etí Àwọn Ọmọ Wa

 

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, àjọ EFCC mú akọrin kan ní Èkó. Azeez Fashola ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Naira Marley ni àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n sí. Agége ló ti wá, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì dàgbà sí. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ló gbé orin kan jáde tó fi ń bèèrè bóyá ọmọ Yahoo ni òun. Ẹjọ́ tí wọ́n pè é, ti ilé ẹjọ́ ni, n kò dá sí i. Ọjọ́ náà ni kí ẹ wò: ààwẹ̀ karùn-ún Ramadan ni. Kí Ramadan yẹn tó parí, ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní ilé kéú wa, ní agbègbè Ìlá Ọ̀ràngún níbí, kò lè ka ààyá mẹ́ta nínú Sùrátul-Mulk láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Àfáà, kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

N kò nà án. Ìdáhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé ọ̀nà tí orin ń gbà wọ etí ọ̀dọ́ mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Inú Ramadan náà ni ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Àwọn àgbà tó dàgbà ní Ìbàdàn àti Èkó mọ wéré. Lóru ààwẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á kó ara wọn jọ pẹ̀lú sákárà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò ní ìlù á mú abọ́ àti ṣíbí, wọ́n á máa ti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á máa fi orin jí àwọn ènìyàn sí sààrì. Ajísààrì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìrántí Ọlọ́hun, yíyin Ànábì àti ìkìlọ̀ ló pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi díje, ẹgbẹ́ yìí sí ẹgbẹ́ tọ̀hún. Dauda Epo Akara ní Ìbàdàn gba ibẹ̀ dé ìdí àwúrèbe. Sikiru Ayinde Barrister, tí wọ́n bí ní 1948, tó ti ń kọ wéré láti kékeré, tó tún ṣe ológun nígbà ogun abẹ́lé, sọ tirẹ̀ di fújì. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ, orúkọ òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan, tí òun rí lára pátákó ní pápákọ̀ òfurufú, ló wu òun. Bẹ́ẹ̀ ni orin ojú sààrì bọ́ sí òde ìnáwó, ó dé ibi tí ọtí wà. Títí di òní, ẹni tó bá kéwú yóò gbọ́ ìró kíkà Al-Qur'an nínú ohùn onífújì. Ohùn kò yí padà. Ọ̀rọ̀ ló yí padà.

Kí ni ọ̀pọ̀ àwa àfáà ṣe? A lé wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn onímímọ̀ lórí ìlù gùn, n kò ní wọ ibẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n a lé onílù, a kò fi nǹkan kan rọ́pò ohun tó mú lọ.

Ráàpù ní tirẹ̀, àdúgbò Bronx ní New York ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é, kò wọlé tó bẹ́ẹ̀. Lord of Ajasa àti Dagrin ló fi Yorùbá gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa. Àwo Dagrin tí wọ́n pè ní C.E.O. jáde ní 2009, ó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2010 lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀. Kí á má parọ́ mọ́ òkú, ìyà àdúgbò àti wàhálà àtijẹ ló pọ̀ nínú ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò ògbufọ̀ mọ́.

Ní 2018, Olamide gbé Science Student jáde, tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń po oògùn pọ̀ mu. Òun ní ìkìlọ̀ ni òun ń ṣe. Àjọ NBC ní kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n má gbé e sí afẹ́fẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn tí BBC tú àṣírí àwọn tó ń ta oògùn ikọ́ tó ní codeine nínú, ìjọba fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọ̀lú. Orin kọ́ ló kó codeine dé, àwọn oníṣòwò ló kó o dé. Ohun tí orin ṣe ni pé ó kó ìtìjú kúrò lára rẹ̀: ohun tí wọ́n ń mu ní kọ̀rọ̀ di ohun tí ọmọdé ń jó sí ní gbangba. Òfin NBC náà kò sì kan mẹ́mọ́rì kádì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn Marlian dé, tí ọmọ tí kò rí akọrin náà rí tú bẹ́líìtì kúrò ní ṣòkòtò nítorí rẹ̀.

Nínú Sùrátu Shu'araa, láti ààyá 224 dé 227, Ọlọ́hun bá àwọn akéwì wí, àwọn tí àwọn ẹni anù ń tẹ̀ lé, lẹ́yìn náà Ó yọ àwọn tó gbàgbọ́ tí wọ́n sì ń ṣe rere sílẹ̀. Nígbà tí àwọn Kùráẹ́ṣì ń fi ewì bú Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), kì í ṣe pé ó kàn ní kí àwọn sàhábé di etí. Ó ní kí Hassan ọmọ Thabit fi ewì dá wọn lóhùn.

Ọmọ ilé kéú yẹn ti di géńdé. Ní Ramadan tó kọjá, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa jí àdúgbò sí sààrì, kí n bá àwọn wá ọ̀rọ̀ tí àwọn máa fi kọrin. Mo kọ ìlà mẹ́rin fún wọn. Wọ́n kà á, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní, "Àfáà, ìlà kẹta yìí wúwo lẹ́nu." Mo ní bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, mo gbọ́ wọn lójúlé wa pẹ̀lú abọ́ àti ṣíbí. Wọ́n ti yí ìlà kẹta padà, tiwọn sì dùn ju tèmi lọ.