Àwọn Ọmọbìnrin Wa àti Ẹ̀kọ́ Ìṣirò

Bí ènìyàn bá gba Ẹgbẹ́dá kọjá, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, yóò rí àwọn ọmọbìnrin tí ń bá ìyá wọn tajà lẹ́yìn ilé-ìwé. Oníbàárà kò ní tíì ka owó rẹ̀ tán tí ọmọ náà yóò ti mọ iye ṣéńjì tí ó tọ́ sí i, láìmú gègé tàbí ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ kan náà lè wọ kíláàsì lọ́la, kí olùkọ́ kọ ìṣirò sára pátákó, kí ó sì dorí kodò, kí ó wí pé, "Èyí kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin." Níbo ni ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ yìí? Kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ìyá-ńlá rẹ̀.

Ní ayé owó ẹyọ, ọwọ́ obìnrin ni ọjà ilẹ̀ Yorùbá wà jù lọ. Ẹyọ 40 ni a ń sin sórí okùn kan; okùn 50 jẹ́ ẹgbàá kan, èyí tí í ṣe 2,000; ẹgbàá 10 sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Ẹ sì wo èdè tí wọ́n fi ń kà á. Ẹni tí ó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti yọ 5 kúrò nínú 50. Nípa yíyọ 10 kúrò nínú 60 ni a sì fi rí 50 fúnra rẹ̀, 60 sì ni ogún lọ́nà mẹ́ta. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí ó kú ní ọdún 1874, àti Ẹfúnróyè Tinúubú, Ìyálóde Ẹ̀gbá, tí ó kú ní ọdún 1887, ṣe òwò ńláńlá. Òwò ẹrú wà nínú rẹ̀, a kò sì lè yìn ín; ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé wọn kò mọ ìṣirò?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́, bí ó tilẹ̀ kan ilé wa. Àwọn míṣọ́nnárì ṣe wá lóore púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mú àṣà ìlú wọn wá pẹ̀lú Ìhìnrere. Ní ọdún 1859 ni ìjọ C.M.S. ṣí Grammar School ní Èkó fún àwọn ọmọkùnrin. Ọdún 10 kọjá kí ti àwọn ọmọbìnrin tó tẹ̀lé e ní 1869, níbi tí a ti gbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti ìtọ́jú ilé ga. Ìjọba pàápàá ṣí King's College ní 1909, kò sì ṣí Queen's College títí di 1927.

Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, àwọn ọmọbìnrin wọlé. Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì, tí ó kàwé ní Queen's College, gba oyè dókítà ní Dublin ní 1938, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Grace Alele-Williams, ọmọ Warri, kàwé ní ilé-ìwé kan náà. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ. Ní 1963 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Chicago, ó sì di gíwá Yunifásítì Benin ní 1985, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò. Bí ọmọkùnrin bá ṣi ìṣirò, a ń wí fún un pé, "Tún un ṣe." Bí ọmọbìnrin bá ṣì í, a ń tù ú nínú pé, "Má dààmú." Ìtùnú yìí ni ó ń ṣe é níbi. Ẹ jẹ́ kí a wí fún òun náà pé, "Tún un ṣe," kí a sì dúró tì í títí yóò fi rí i. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Bí a bá sì ri tálẹ́ǹtì ọmọ mọ́lẹ̀ nínú kíláàsì wa, àwa ni Olúwa yóò bi.