Wáìpìsì: Ohun Tí Wọ́n Fi Ń Nu Ọmọ, àti Ọ̀nà Gígùn Tí Ó Gbà Wọlé

Kí wáìpìsì tó dé, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti kànìnkàn ni ìyálọ́mọ fi ń tọ́jú ìdí ọmọ. Bí ó bá ti fọṣẹ wẹ̀ ẹ́ tán, yóò fi omi ṣàn án, kò sì ní sí ohun tí yóò kù sí ara ọmọ mọ́. Lóde òní, bébà rírọ̀ kan tí wọ́n fà yọ láti inú ọ̀rá ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó rọrùn, ó ń ta sánsán, kò sì nílò omi. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí: kò sí ẹni tí í ṣan omi inú wáìpìsì kúrò lára ọmọ. Ohunkóhun tí ó bá wà nínú omi náà, ara ọmọ ni yóò gbẹ sí. Orí ìyàtọ̀ kékeré yìí ni gbogbo àríyànjiyàn nípa ewu rẹ̀ dá lé.

Wọn kò tilẹ̀ ṣe é fún ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Arthur Julius, tí ó ti ṣiṣẹ́ nídìí ọjà ìṣaralóge, ni ó gbé bébà olómi kékeré inú àpò jáde ní New York ní ọdún 1957. Wet-Nap ni ó sọ ọ́. Ní ọdún 1963, Harland Sanders, olùdásílẹ̀ ilé oúnjẹ Kentucky Fried Chicken, bẹ̀rẹ̀ sí fi í fún àwọn oníbàárà kí wọ́n lè fi nu ọ̀rá adìyẹ kúrò lọ́wọ́. Àgbàlagbà ni ń lò ó nígbà náà, ọwọ́ tí awọ rẹ̀ nípọn ni wọ́n sì fi ń nù. Nígbà tí ó yá, ọjà ọmọ ìkókó gba nǹkan kan náà. Ó wá di ohun tí ń kan ara ọmọ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, ní ibi tí ìlédìí ti bo awọ mọ́lẹ̀, tí ibẹ̀ tutù tí ó sì ń móoru. Awọ ọmọ ìkókó fẹ́lẹ́ ju ti àgbà lọ. Ohun tí àgbà kò ní mọ̀ lára lè yọ ọmọ lẹ́nu.

Omi àti bébà kì í pẹ́ bu. Bí bébà tútù bá wà nínú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí ohun tí ń dáàbò bò ó, kòkòrò àìfojúrí yóò kún inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe é fi ń da èròjà apakòkòrò sí i. Ọ̀rọ̀ náà wá di ti ẹni tí ó dúró láàárín iná àti ọ̀dá: láìsí èròjà yìí, kòkòrò yóò ṣe ọmọ ní jàǹbá, bí èròjà náà bá sì le jù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe jàǹbá náà.

Ilẹ̀ Faransé ti fojú rí ohun tí irú èròjà bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Ní ọdún 1972, pàúdà ọmọ kan wà lórí àtẹ níbẹ̀ tí ń jẹ́ Morhange. Nípa àṣìṣe níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, apakòkòrò kan tí ń jẹ́ hexachlorophene dà sínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó ju ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn ìyá fi í pa ìdí ọmọ wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Èròjà náà gba inú awọ ara wọlé, ó sì dé ọpọlọ. Ọmọ 204 ló fara gbá a, 36 nínú wọn sì kú. Ní ọdún kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de lílo hexachlorophene nínú àwọn ọjà tí ẹnikẹ́ni lè rà láìgba ìwé lọ́wọ́ oníṣègùn. Ẹ̀kọ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde kò ṣòro lóye: awọ ara ọmọ kì í ṣe ògiri, ẹnu ọ̀nà ni.

Ti wáìpìsì gan-an kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2005, òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà kí wọ́n máa lo apakòkòrò kan tí ń jẹ́ methylisothiazolinone, tí wọ́n gé kúrú sí MI, ní òun nìkan nínú ohun ìpara. Kò pẹ́ tí ó fi tàn ká. Láìpẹ́, àwọn oníṣègùn awọ ara bẹ̀rẹ̀ sí rí àwọn ènìyàn tí ara wọn kọ̀ ọ́, títí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi yan MI gẹ́gẹ́ bí èròjà ọdún 2013 tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn ṣọ́ra fún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014, oníṣègùn méjì ní ìpínlẹ̀ Connecticut kọ ìròyìn ọmọ mẹ́fà sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Pediatrics. Ara sú àwọn ọmọ náà ní ojú àti ní ìdí. Ìtọ́jú àléfọ́ àti ti àwọn àrùn awọ mìíràn ni wọ́n ti ń gbà, ṣùgbọ́n kò lọ. Nígbà tí àwọn òbí dá wáìpìsì dúró, ara wọn dá. Ohun tí ìyá ń fi nu ojú egbò náà ni ó ń dá egbò sílẹ̀. Ní ọdún 2017, ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de MI nínú gbogbo ohun ìpara tí a kì í ṣàn kúrò lára, wáìpìsì sì wà lára wọn.

Omi inú rẹ̀ nìyẹn. Aṣọ rẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Kì í ṣe aṣọ híhun, kì í sì í ṣe bébà lásán. Fọ́nrán ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi omi líle tú sí títí tí wọ́n fi lọ́ mọ́ ara wọn. Nínú ọ̀pọ̀ wáìpìsì ọmọ, ike bíi polyester wà lára àwọn fọ́nrán náà. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ó ya sí ìyá lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn oníṣòwò wá fẹ́ ta èyí tí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìlò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè jù sínú omi, wọ́n bá ìṣòro pàdé. Ohun kan náà gbọ́dọ̀ wà nínú omi fún oṣù púpọ̀ láìtú, kí ó sì tú ní kété tí ó bá dé inú omi mìíràn. Àwọn kan lo fọ́nrán kúkúrú tí wọ́n ti ara igi mú jáde. Àwọn mìíràn lo àtè tí iyọ̀ inú ọ̀rá mú dúró ṣinṣin, tí omi tí kò níyọ̀ yóò sì mú rọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tú. Ní ọdún 2017, ìwádìí àwọn iléeṣẹ́ omi ní Bìrìtìkó fi hàn pé wáìpìsì ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n fà jáde láti inú páìpù ìdọ̀tí tí ó dí. Ní ọdún náà ni wọ́n rí òkìtì ọ̀rá àti wáìpìsì kan lábẹ́ ilẹ̀ Whitechapel ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó gùn tó 250 mítà, tí ó sì wọ̀n tó 130 tọ́ọ̀nù. Ní ọdún 2019, yunifásítì kan ní Toronto dán ọjà 101 wò, 23 nínú wọn ní àkọlé pé wọ́n ṣeé jù sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sí wáìpìsì kan nínú wọn tí ó tú pátápátá.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìdí ọmọ nìyí. Àkọlé tí ó ní «ó ṣeé jù sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀» ń ṣèlérí nípa páìpù ni. Kò jẹ́rìí kankan nípa awọ ara. Òbí tí ó rí i, tí ó sì rò pé ohun tí omi lè tú kò lè ní èròjà líle nínú, ti gba ìlérí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún un. Aṣọ lè jẹ́ ti igi pátápátá, kí omi inú rẹ̀ sì kún fún òórùn dídùn àti apakòkòrò. Aṣọ sì lè ní ike nínú, kí omi rẹ̀ má sì yọ ọmọ lẹ́nu. Ìbéèrè méjì ni, ìdáhùn ọ̀kan kì í sì í ṣe ìdáhùn èkejì.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè méjèèjì wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti Ìbàdàn kò ní páìpù ìdọ̀tí tí ìjọba fi so wọ́n pọ̀. Kòtò ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ní, onílé ni yóò sì sanwó fún ẹni tí yóò kó o nígbà tí ó bá kún. Ní ti ara ọmọ, orílẹ̀-èdè yìí kò lè sọ pé òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ní òpin ọdún 2008, oògùn eyín ọmọ tí ń jẹ́ My Pikin, tí kẹ́míkà olóró diethylene glycol wà nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí pa ọmọ. Àwọn tí ó kú tó 84. Oògùn yẹn kì í ṣe wáìpìsì, ẹnu ni wọ́n sì fi mu ún, ṣùgbọ́n bí àwọn òbí ṣe fọkàn tán an kò yàtọ̀: aláwọ̀ mèremère ni ohun tí wọ́n rà, wọ́n sì rà á nítorí ìfẹ́ ọmọ.

Kò sí ohun tí ó ní kí ẹnikẹ́ni ju wáìpìsì nù lónìí. Ó wúlò lójú ọ̀nà àti níbi tí omi kò sí. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ fi hàn pé lẹ́yìn tí ara ọmọ ti sú ni wọ́n sábà máa ń yí òfin padà. Kí òbí ka ẹ̀yìn ọ̀rá, kí ó wò ó bóyá MI wà níbẹ̀, kí ó yan èyí tí kò ní òórùn, kí ó sì ju èyí tí ó ti lò sínú garawa ìdọ̀tí. Bí ara ọmọ bá sì sú tí oògùn kò ràn án, kí ó dá a dúró ná kí ó sì sọ fún oníṣègùn. Nínú ilé tí omi bá wà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ìyá àgbà ń lò kò tíì di ohun àtijọ́.